Orúkọ wo ni kí ẹ kọ sí iwájú iṣẹ́ yín? Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ sítúdíò

Ẹ yẹ fóònù àwọn oníbàárà yín wò, kí ẹ rí bí wọ́n ṣe kọ yín síbẹ̀. Ẹnì kan kọ "Táyọ̀ Studio". Ẹlòmíràn kọ "Táyọ̀ Bíìtì". Ẹni tó jẹ yín ní gbèsè kọ "Táyọ̀ Producer Má Gbé E". Ẹ wá padà sí Instagram tiyín, ohun tó wà níbẹ̀ ni Music Producer, Sound Engineer, Mixing and Mastering, Songwriter, A&R, CEO. Orúkọ mẹ́fà lórí ẹnì kan ṣoṣo, síbẹ̀ olórin tó fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ lọ́la kò mọ̀ bóyá ẹ̀yin ló yẹ kó pè.

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ télọ̀ kò ní ìṣòro yìí. Ọjọ́ tó bá ṣe fíríìdọ̀mù, tí ọ̀gá rẹ̀ gbàdúrà fún un, tí wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí àti àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, gbogbo àdúgbò ti mọ orúkọ tí yóò máa jẹ́. Àwa tí YouTube jẹ́ ọ̀gá wa, tí a fi FL Studio (áàpù tí wọ́n fi ń to bíìtì) ṣeré títí ó fi di iṣẹ́, ta ni yóò ṣe fíríìdọ̀mù fún wa? Ìdí nìyẹn tí a fi ń fúnra wa sọ ara wa lórúkọ, ọ̀nà méjì la sì máa ń gbà ṣì í. Ẹ̀rù ń mú kí àwọn kan kó orúkọ ńlá jọ bí ẹni ń kó aṣọ sílẹ̀ de òtútù. Ojú sì ń ti àwọn kan débi pé wọ́n ṣì ń sọ pé "mo kàn ń gbìyànjú ni" ní ọdún kẹrin tí wọ́n ti ń gbowó iṣẹ́.

Orúkọ iṣẹ́ kì í ṣe oríkì. Ohun kan ṣoṣo ló wà fún: kí ẹni tó bá kà á mọ ohun tí yóò gbé wá fún yín, kó sì mọ ohun tí yóò gbé lọ sílé. Bí mo ṣe tún tèmi ṣe nìyí, lẹ́yìn tí mo ti ṣì í tó ìgbà mẹ́ta.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ wá wákàtí méjì tí ẹnikẹ́ni kò ní pè yín sí session. Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ má fi fóònù kọ ọ́, torí inú fóònù náà lẹ ó ti máa wá ẹ̀rí.

- Iṣẹ́ mẹ́wàá tí ẹ ṣe kẹ́yìn tí ẹnì kan sanwó fún, bó ti wù kí owó náà kéré tó. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí WhatsApp àti àlẹ́ẹ̀tì báńkì ni yóò rán yín létí. Ẹ má gbára lé ọpọlọ.
- Fáìlì tí ẹ fi ránṣẹ́ ní ìparí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.
- Ènìyàn méjì: olórin kan tó ti sanwó fún yín rí, àti ẹnì kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí jù yín lọ, tí kì í fi òótọ́ bò yín lójú.

Bí iṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún kò bá tíì pé mẹ́wàá, ẹ lo èyí tó wà. Bí kò bá tíì pé mẹ́ta, ẹ pa ìwé dé ná. Ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ kọ "mo ń gba iṣẹ́ ohùn gbígbà ní ẹ̀dínwó" sí ojú ìwé yín, kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Ìpele 1: Ẹ kọ ohun tí ọwọ́ yín ṣe, ẹ má tíì kọ orúkọ

Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìlà kan tó ní nǹkan mẹ́rin: ohun tí wọ́n gbé wá, ohun tí ẹ ṣe sí i, ohun tí ẹ dá padà, iye tí wọ́n san. Bí àpẹẹrẹ: "Akọrin ìjọ mẹ́rin wá. Mo gbé maikí méjì, mo gba ohùn wọn sílẹ̀, mo yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ kejì. Mo fi fáìlì ohùn WAV mẹ́rin ránṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà."

Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣubú níhìn-ín ni gbólóhùn kékeré kan: "èmi ni mo ṣe orin yẹn". Ṣe é báwo? Ó lè jẹ́ pé ẹ to bíìtì, ẹ gba ohùn, ẹ tún ohùn tó yà kúrò lójú ọ̀nà ṣe, ẹ sì míìsì rẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ po gbogbo ohùn inú rẹ̀ pọ̀ kó dọ́gba. Iṣẹ́ mẹ́rin nìyẹn. Ẹ pín in sí ìlà mẹ́rin, kí ẹ sì pín owó rẹ̀ bó ṣe tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀wẹ̀, igba bíìtì tó wà lórí láptọ́ọ̀pù tí ẹnikẹ́ni kò rà kì í wọ inú ìwé yìí. Mo mọ̀ pé ó dùn yín. Èmi náà ní tèmi níbẹ̀. Ìfẹ́ ni, kò tíì di iṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ẹ ṣe fún ọ̀rẹ́ pẹ̀lú, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé, lọ́tọ̀.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tọ́:* ẹ gbé ìwé náà fún ẹnì kan nínú ilé tí kò mọ nǹkan kan nípa sítúdíò. Bó bá lè ka ìlà kọ̀ọ̀kan, kó sì sọ fún yín ohun tó wọlé àti ohun tó jáde láìbéèrè ìbéèrè, ẹ tẹ̀ síwájú. Bó bá dúró béèrè, ìlà yẹn ṣì lọ́jú pọ̀.

Ìpele 2: Ẹ mọ ohun tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń ṣèlérí

Ẹ má sáré kọjá níhìn-ín. Orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ àdéhùn, bí ẹ bá sì gbà á láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀, oníbàárà ni yóò kà á sí yín létí lọ́jọ́ tí inú bá bí i.

*Recording engineer.* Olórin gbé ohùn rẹ̀ wá, tàbí gángan rẹ̀, ó sì gbé ohùn tó mọ́ lọ, èyí tí ẹlòmíràn lè ṣiṣẹ́ lé lórí níbikíbi láyé. Ìlérí tó wà níbẹ̀: ẹ mọ maikí tó yẹ àti ibi tó yẹ kó dúró, ohùn kò fọ́, ẹ gbà á ní 24-bit, ní 44.1 tàbí 48 kHz (ìwọ̀n bí fáìlì ohùn ṣe kún tó), ibi tó ga jù nínú rẹ̀ kò sì kọjá nǹkan bíi -6 dBFS (0 ni ibi tí ohùn ti ń fọ́). Orúkọ wà lórí gbogbo track (ohùn kọ̀ọ̀kan tí ẹ gbà lọ́tọ̀), kì í ṣe "Audio 37". Ní àdúgbò wa, wọ́n máa ń fojú tín-ínrín orúkọ yìí, wọ́n á ní ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì record ni. Ẹ jẹ́ kí irú wọn gbìyànjú láti gba gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti akọrin mẹ́ta sílẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo, kí gángan má sì bo ohùn ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Lójú tèmi, òun ni orúkọ tó tọ́ sí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní producer lónìí.

*Mixing engineer.* Wọ́n fi track tí ẹlòmíràn gbà sílẹ̀ ránṣẹ́, ẹ dá fáìlì stereo kan padà (gbogbo orin náà tí ẹ ti pò pọ̀), pẹ̀lú instrumental (orin láìsí ohùn olórin) àti acapella (ohùn olórin nìkan) bí wọ́n bá béèrè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dájọ́ orúkọ yìí: ṣé ẹ ti míìsì orin tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ gbà á sílẹ̀ rí, tí wọ́n sì sanwó? Bó bá jẹ́ orin tí ẹ gbà fúnra yín nìkan lẹ máa ń míìsì, apá kan iṣẹ́ ohùn gbígbà yín ni. Kò tíì dá dúró bí orúkọ.

*Mastering engineer.* Fáìlì stereo tí wọ́n ti míìsì tán wọlé, èyí tó ṣetán láti jáde fún ayé ni ẹ dá padà. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Spotify máa ń fa ohùn gbogbo orin sí nǹkan bíi -14 LUFS (òṣùwọ̀n bí orin ṣe ń dún sókè tó) bí olùgbọ́ kò bá yí ètò rẹ̀ padà, pé ó yẹ kí true peak (góńgó ohùn náà gan-an) wà nísàlẹ̀ -1 dBTP, pé ISRC (àmì ìdánimọ̀ orin kọ̀ọ̀kan) jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 12, pé CD ń gba 16-bit ní 44.1 kHz. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ń ṣèlérí etí tí kò tíì gbọ́ orin náà ní igba ìgbà. Ní Èkó, a ti so "mixing and mastering" pọ̀ débi pé ó ti di ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n fífi limiter (ohun tó ń dá góńgó ohùn dúró) sí òkè míìsì ara yín ní aago mẹ́ta òru kò sọ yín di mastering engineer. Ẹ kàn mú kí orin náà pariwo sí i ni.

*Producer.* Ìjàngbọ̀n pọ̀ lórí eléyìí. Lójú pópó wa, producer ni ẹni tó to bíìtì. Nínú iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù látilẹ̀wá, producer ni ẹni tó ni ìpinnu: orin wo la máa gbà, ta ló máa lu kí ni, ṣé olórin ti kọ ọ́ dáadáa tàbí kó tún un kọ, ṣé owó ti tán. Nígbà tí Laolu Akins, onílù ẹgbẹ́ olórin BLO tẹ́lẹ̀, ṣe producer àwo *Ace* tí Shina Peters gbé jáde ní 1989, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kó jókòó ti kọ̀ǹpútà kó máa to bíìtì. Òun ló ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀, tó ń pinnu bí jùjú náà yóò ṣe dún létí ọmọ ìgboro. Ẹ tún fi kún un pé láàárín àwọn òṣèré fíìmù wa, producer ni ẹni tó wá owó. Mo ti rí ẹni tí wọ́n pè síbi ìpàdé fíìmù torí ó kọ "producer" sí káàdì, wọ́n sì bí i léèrè iye tó fẹ́ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ́ orúkọ yìí, ẹ fi "music" síwájú rẹ̀, kí ẹ sì lè tọ́ka sí orin mẹ́ta tó jẹ́ pé bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, orin náà ìbá yàtọ̀ pátápátá.

*Beatmaker.* Ẹ to bíìtì, ẹ tà á, wọ́n gbé e lọ. Ó tán. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún oníbàárà bíìtì lówó lọ́wọ́ ju producer tí kò ní olórin kankan lọ, nítorí náà kí ojú má tì yín.

*Vocal producer.* Ẹ jókòó ti olórin, ẹ ń sọ fún un pé "tún ibẹ̀ kọ, má fi ìbínú kọ ọ́, fi ẹ̀rín sí i", ẹ yan èyí tó dára jù nínú ìgbà méjìlá tó kọ ọ́, ẹ tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé ó ní orúkọ.

*Sound engineer.* Ó gbòòrò jù. Ọdún tí mo kọ ọ́ sójú WhatsApp, ẹni tó kọ́kọ́ pè mí ń ṣe ìsìnkú ìyá rẹ̀ ní Ìkòròdú, ó ní spíkà mélòó ni mo ní, ṣé jẹnẹrétọ̀ wà nínú owó náà. Kò jẹ̀bi rárá. Ní òde ìnáwó, engineer ni ẹni tó jókòó sẹ́yìn mixer tí alága ìdúró ń kígbe sí pé kó fi kún maikí. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ òde lẹ ń ṣe lóòótọ́, ẹ kọ "live sound engineer". Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tọ́:* ẹ padà sí ìwé ìpele kìíní, kí ẹ kọ orúkọ kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó bá gba orúkọ méjì, ẹ kò tíì pín in tán ni.

Ìpele 3: Ẹ yọ orúkọ tí kì í ṣe tiyín lójú òfin

Mo tẹ igba káàdì nígbà kan tí mo kọ "Engr." síwájú orúkọ mi. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ ẹnjiníà afárá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, nọ́ńbà COREN yín ńkọ́?" Káàdì igba náà di ohun tí mo ń fi sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tí kò dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ náà rí báyìí. COREN tí òfin 1970 dá sílẹ̀ ló ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ láti fi "Engr." síwájú orúkọ ara rẹ̀. "Recording engineer" gẹ́gẹ́ bí orúkọ iṣẹ́ sítúdíò yàtọ̀ sí oyè yẹn, ó sì ti wà nínú iṣẹ́ orin tipẹ́ láìbéèrè yunifásítì. Geoff Emerick, ẹni tó gba orin ẹgbẹ́ Beatles sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní sítúdíò iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù EMI ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962 gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́langba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní iléèwé. Balance engineer ni wọ́n ń pe ẹni tó jókòó sídìí mixer níbẹ̀, oyè náà ló sì dé orí Emerick. Òun ló tẹ̀lé Paul McCartney, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ Beatles náà, wá sí sítúdíò EMI ní Àpápá ní 1973. Nítorí náà, ẹ lè jẹ́ "recording engineer" láìní ìwé ẹ̀rí. "Engr." ni kí ẹ má fọwọ́ kàn.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, ẹ ṣọ́ra síi. Ní Jámánì, òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ "Ingenieur". Tonmeister (ọ̀gá ohùn) pẹ̀lú, orúkọ ẹni tó kàwé rẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní Detmold láti 1949. Ẹ má fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ní Kánádà, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan máa ń bínú sí ẹni tó bá lo "engineer" láìgbàṣẹ. Ní Brazil, òfin 5.194 ti 1966 ló de "engenheiro" (ẹnjiníà), ìdí nìyẹn tí "técnico de som" (oníṣẹ́ ohùn) fi jẹ́ orúkọ tó rọrùn jù fún ẹni sítúdíò níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò dáàbò bo "engineer" lásán, àfi irú "Chartered Engineer". Ibi tí ẹ bá ti rí ìdíwọ́, "recordist" tàbí "mixer" ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìsí wàhálà.

Ọ̀rọ̀ "certified" náà ńkọ́? Bí ẹ bá ṣe ìdánwò Pro Tools (áàpù ohùn gbígbà) tí iléeṣẹ́ Avid ń ṣe, tí ẹ sì yege, ẹ kọ ọ́. Bó bá jẹ́ fídíò ogójì lẹ wò, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tọ́:* ẹ ka orúkọ náà sókè níwájú ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí gangan. Bí ẹ bá ní láti ṣàlàyé ara yín, ẹ yọ ọ́.

Ìpele 4: Ẹ kà á, kí ẹ yan ẹyọ kan tàbí méjì

Ẹ ka iye ìlà tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ní. Lẹ́yìn náà, ẹ ro owó rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì fi wákàtí tó gbà pín in.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Nínú iṣẹ́ mẹ́wàá, ohùn gbígbà jẹ́ 6, ₦20,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦120,000 fún wákàtí 24, ìyẹn ₦5,000 fún wákàtí kan. Míìsì jẹ́ 2, ₦40,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦80,000 fún wákàtí 10, ìyẹn ₦8,000. Bíìtì 1 àti mastering 1 ṣẹ́kù, ẹ pa wọ́n tì ná.

Orúkọ yín àkọ́kọ́ ni recording engineer, torí òun ni àwọn ènìyàn ti mọ̀ yín sí. Èkejì ni mixing engineer, torí ibẹ̀ lowó ń lọ. "Recording and mixing engineer." Ó parí. Iye ìlà ló ń yan orúkọ kìíní, owó wákàtí ló ń yan èkejì. Bí ẹ bá yí i padà, ẹ ó máa jẹ́ orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè yín sí, ẹ ó sì jókòó ti fóònù.

Kò gbọ́dọ̀ kọjá méjì. Mo mọ̀ pé ẹ lè ṣe mẹ́fà. Ìyá tó ń ta ìrẹsì lè se àmàlà náà, ṣùgbọ́n ìrẹsì ló kọ sára ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ má kọ "CEO" sí i. Bí ẹ̀yin nìkan bá wà nínú yàrá náà, ta ni ẹ jẹ́ ọ̀gá fún? Ẹ má kọ "self-taught" náà. Bí ẹ ṣe kọ́ iṣẹ́ náà jẹ́ ìtàn dáadáa tí ẹ lè sọ nígbà tí wọ́n bá fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò. Lórí káàdì, ohun tí oníbàárà máa ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni "ẹ rọra fún mi lówó díẹ̀". Wọn kò bi dókítà bóyá ó sùn nínú kíláàsì. Wọ́n ń wo ìwòsàn.

Ibòmíràn tí wọ́n ti ń ṣubú: ẹni tó ń bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ ní sítúdíò ńlá máa ń fi "assistant" pamọ́. Ẹ má fi í pamọ́. Assistant engineer lábẹ́ ẹni tí ayé mọ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn ju head engineer ní yàrá ara ẹni lọ, ẹni tó bá sì pe ọ̀gá náà láti ṣèwádìí kò ní gbọ́ ohun tó yàtọ̀.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tọ́:* bí wọ́n bá pè yín lálẹ́ yìí fún orúkọ tí ẹ yàn, pé kí ẹ wá ṣe é lọ́la, ṣé ẹ ó sùn? Bí ọkàn yín bá fò sókè, orúkọ náà ti kọjá ọwọ́ yín.

Ìpele 5: Ẹ dán an wò lára ènìyàn, kí ẹ sì wá èyí tó jẹ́ Yorùbá

Ẹ fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí ènìyàn márùn-ún lórí WhatsApp, kí olórin tó ti sanwó fún yín àti àgbà iṣẹ́ yẹn wà nínú wọn. Ẹ má béèrè bóyá ó dára. Gbogbo wọn á ní ó dára. Ẹ bi wọ́n pé: "Bí ẹ bá rí orúkọ yìí, kí lẹ máa gbé wá fún mi?" Bí mẹ́rin nínú wọn bá dárúkọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe gan-an, ó ti yẹ. Bí wọ́n bá dárúkọ iṣẹ́ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ padà sí ìpele kejì.

Púpọ̀ nínú oníbàárà wa kì í sọ "mixing engineer". Akéwì, olórí akọrin ìjọ, onífújì àdúgbò, ìyá tó fẹ́ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù orin Ọdún Ajínde. Ẹ nílò gbólóhùn Yorùbá kan fún wọn, ó sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Agbohùnsílẹ̀" ti di orúkọ ẹ̀rọ, bí ẹ bá ní agbohùnsílẹ̀ ni yín, wọ́n á béèrè iye tí ẹ ń ta ara yín. Mo gbìyànjú "alápòpọ̀" fún míìsì, àbúrò mi béèrè bóyá mo ti ń ta àgbo. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ má wá orúkọ rárá, kí ẹ fi gbólóhùn sọ iṣẹ́ náà: "Èmi ni mo máa ń gba ohùn olórin sílẹ̀ ní sítúdíò, tí mo sì máa ń míìsì rẹ̀." Kò sí ẹni tí kò gbọ́ "míìsì" mọ́.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tọ́:* ẹ sọ gbólóhùn náà fún ìyá yín. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ní kó sọ fún àlejò ohun tí ẹ ń ṣe. Bó bá ní "ó ń ṣe nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà", ẹ tún un sọ.

Ìpele 6: Ẹ kọ ọ́ síbi gbogbo, kí ẹ sì yà á kúrò lára owó ẹ̀tọ́

Lọ́jọ́ kan náà, ẹ yí i padà sórí WhatsApp Business, Instagram tí kò gbà ju lẹ́tà 150 lọ, ìwé owó, àti orúkọ fáìlì tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Kó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà níbi gbogbo.

Ìkìlọ̀ nípa CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀: ẹ má fi orúkọ iṣẹ́ sínú orúkọ òwò tí ẹ fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. "Àdùkẹ́ Mastering" yóò dùn títí di ọdún méjì sí i tí ẹ kò ní ṣe mastering mọ́, nígbà náà ẹ ó tún padà lọ sanwó ìyípadà. "Àdùkẹ́ Sounds" gba gbogbo rẹ̀. Ẹ má sì fi "National" tàbí "Federal" sí i. Òfin iléeṣẹ́, CAMA 2020, ní kí wọ́n gbàṣẹ kí ẹnikẹ́ni tó lò ó.

Credit, ìlà tó ń sọ ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí orin, ni ibi tí orúkọ náà ti ń so èso. Ẹ fi ìlà credit yín ránṣẹ́ pọ̀ mọ́ fáìlì ìkẹyìn, bí ẹ ṣe fẹ́ kó jáde gan-an, kí olórin kàn ṣe ẹ̀dà rẹ̀: "Recorded and mixed by…". Bí orin bá ti jáde tán, àtúnṣe rẹ̀ á di ẹ̀bẹ̀. Ẹ má retí pé orúkọ yín yóò hàn níbi gbogbo: nígbà tí Spotify bẹ̀rẹ̀ sí í fi credit hàn ní 2018, olórin, ẹni tó kọ orin àti producer ló kọ́kọ́ fi síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ engineer ló torí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní producer. Ẹ má bá wọn lọ.

Ìdí rẹ̀ ni pé orúkọ kì í mú owó ẹ̀tọ́ (royalty) wá fúnra rẹ̀. Ẹ lè jẹ́ producer lórí gbogbo káàdì ayé, bí kò bá sí ìwé àdéhùn, owó iṣẹ́ nìkan lẹ gbà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olórin tó ṣeré lórí rẹ́kọ́ọ̀dù àti ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù ni PPL, àjọ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, ń sanwó fún. Míìsì nìkan kò sọ yín di ọ̀kan nínú wọn. Ní Amẹ́ríkà, Music Modernization Act ti 2018 dárúkọ producer, mixer àti sound engineer pé wọ́n lè gba ìpín nípasẹ̀ SoundExchange, àjọ tó ń pín irú owó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, olórin fúnra rẹ̀ ni yóò kọ lẹ́tà pé kí wọ́n san án. Nítorí náà, bí ẹ bá bá olórin tó ní olùgbọ́ ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, ẹ béèrè fún lẹ́tà yẹn kí orin tó jáde, ojú ìwé kan péré ni.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tọ́:* ẹ wá orúkọ yín lórí Google àti lórí Instagram. Bí orúkọ iṣẹ́ tó wà níbì kan bá yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, ibì kan wà tí ẹ gbàgbé.

Ìpele 7: Ìgbà tí ẹ lè yí i padà

Oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ẹ mú iṣẹ́ mẹ́wàá mìíràn, kí ẹ tún un kà. Orúkọ tuntun wọlé nígbà tí iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n sanwó fún bá ti jẹ́ tirẹ̀, láti ọwọ́ oníbàárà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó kéré tán ẹnì kan nínú wọn ti padà wá. Bí ọ̀kan bá wọlé, ọ̀kan jáde. Ẹ má jẹ́ kó di mẹ́ta.

Ẹ ṣí Truecaller lórí fóònù ẹlòmíràn, kí ẹ wá nọ́ńbà ara yín níbẹ̀. Ó sábà máa ń gbé orúkọ tí àwọn ènìyàn fi pe yín sórí fóònù wọn jáde. Tèmi ṣì ń sọ "DJ" fún ọdún kan lẹ́yìn tí mo yí gbogbo nǹkan padà, èmi tí mi ò lu DJ rí láyé mi, títí àwọn olórin tí mo gba ohùn wọn sílẹ̀ fi pọ̀ ju àwọn tó pàdé mi níbi àríyá lọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tún wò ó. "Recording Bọ̀dá", ó wà níbẹ̀.